Ẹ̀rọ Tí Ó Jí Lóru Kò Mọ Ẹni Tí Ó Jí I



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Wọn yóò ní kí ni ó kan ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ àjàgbé, tàbí ẹni tí ó ń di ọjà sínú páálí. Ẹ ní sùúrù. Ọ̀kan nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà kan tí ó tàn lóru. Bí a kò bá tètè la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa, ẹni tí yóò kàn lẹ́yìn rẹ̀ lè má rí ẹni gbà á sílẹ̀.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Akọ̀wé kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, wà lẹ́nu iṣẹ́ òru níbi tí a ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù. Nígbà tí agogo 2 òru kọjá díẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ó wà ní yàrá kejì, èyí tí a ń kọ ìwé ẹrù sí, tàn. Ó wà ní títàn fún bí 40 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tí ń yẹ ìwé wò rí i nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà pé ó ṣiṣẹ́ lóru. Wọ́n wo ìwé ọlọ́dẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rí pé ó wà lágbègbè ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n fún akọ̀wé wa ní kúẹ́rì pé kí ó sọ ohun tí ó ń wá nínú ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀ láàárín òru. Ó dáhùn pé òun kò fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n bi í pé, “Ṣé ẹ̀rọ lè tan ara rẹ̀ ni?” Wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsan owó.

Àwọn tí ó bi í ní ìbéèrè yẹn rò pé kò ní ìdáhùn. Ó ní ìdáhùn. Ẹ̀rọ lè tàn láìsí ọwọ́ ènìyàn kankan nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Kọ̀ǹpútà tí a bá fi wáyà so mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní káàdì kan nínú, níbi tí wáyà náà ti ń wọlé. Káàdì yìí ni etí ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí fáànù rẹ̀ dákẹ́, ẹ ó rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà lójú iná, iná kékeré kan tí ó jẹ́ fólítì 5 ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, káàdì yìí sì lè máa jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí iná wẹ́wẹ́ tí ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀rọ tí ẹ ti pa. Ara sùn, etí kò sùn.

Káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní nọ́ńbà. Àmì 12 ni wọ́n fi ń kọ ọ́, láti inú nọ́ńbà 0 sí 9 àti lẹ́tà A sí F. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí ẹ̀rọ náà yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ mìíràn, ìbáà jẹ́ ní yàrá kejì, ìbáà jẹ́ ní ìlú mìíràn bí wọ́n bá ti la ọ̀nà rẹ̀, yóò sì fi ìpè kan ránṣẹ́ sórí wáyà. Ìpè náà kò gùn, báìtì 102 péré ni. Báìtì 6 àkọ́kọ́ jẹ́ àmì ìkìlọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 255. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pe nọ́ńbà káàdì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún láìdánu dúró. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí wáyà náà ni ìpè yóò dé etí wọn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni yóò jí. Káàdì yóò ta ẹ̀rọ lólobó, ẹ̀rọ yóò sì tàn bí ẹni pé ènìyàn tẹ súwìṣì rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí ó jọ ọ́. Ẹ sùn sínú ọkọ̀ nínú ọgbà, ọlọ́dẹ dúró lẹ́nu géètì, ó ń ké orúkọ ẹnì kan léraléra. Gbogbo yín gbọ́, ẹni tí ó ni orúkọ nìkan ni ó dìde. Àgbà ní ẹni tí ó sùn ni à ń jí, a kì í jí apirọrọ. Kọ̀ǹpútà yìí ti já òwe náà nírọ́. Apirọrọ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà rẹ̀ yóò jí i.

Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1995 ni iléeṣẹ́ AMD àti Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà ìpè náà jáde, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Magic Packet. Láàárín 1996 àti 1997 ni IBM àti Intel pawọ́ pọ̀ mú un wọ inú àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì lábẹ́ orúkọ Wake-on-LAN. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni ó ní in nínú, yálà ẹni tí ń lò ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Wọ́n lè pa ìlànà náà, wọ́n sì lè ṣí i, nínú ètò ẹ̀rọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá síbi tí ọ̀rọ̀ kàn wá. Nínú báìtì 102 yẹn, kò sí orúkọ ẹni tí ó pè. Nọ́ńbà ẹni tí a ń pè nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn káàdì kan wà tí wọ́n lè béèrè páswọ́ọ̀dù kí wọ́n tó jí, ṣùgbọ́n ìpè tí ó wọ́pọ̀ kì í béèrè ohunkóhun. Ẹ̀rọ tí a pè kì í sì í dá èsì padà fún ìpè náà. Nítorí náà, bí ìwé bá sọ pé ẹ̀rọ tàn ní agogo 2 òru, ohun tí ó sọ kò ju pé ẹ̀rọ tàn lọ. Kò sọ pé ọwọ́ akọ̀wé wa ni ó tàn án.

Ìpè orí wáyà nìkan kọ́ ni ó lè ṣe èyí. Aago wà nínú kọ̀ǹpútà tí a lè yí sí wákàtí kan, kí ó jí ẹ̀rọ bí aago ìdájí. Ètò kan sì tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà mọ̀: a lè ṣètò ẹ̀rọ pé nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tí ó sì padà dé, kí ó tàn fúnra rẹ̀. Ẹ ro iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ lóru kan ṣoṣo, àti iye ìgbà tí a ń yí láti orí iná ìjọba sí orí jẹnẹrétọ̀. Ṣé gbogbo ìgbà tí iná bá dé ni a ó máa fún ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní kúẹ́rì?

Nígbà tí ẹgbẹ́ gba ẹjọ́ náà, ohun kan ni a kọ́kọ́ béèrè. A ní, ẹ ti fi hàn wá pé ẹ̀rọ tàn, ẹ wá fi ibi tí akọ̀wé wa ti wọlé sínú rẹ̀ hàn wá. Kí ẹ̀rọ tàn àti kí ènìyàn wọlé sínú rẹ̀, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Títàn dà bí ìgbà tí géètì bá ṣí. Wíwọlé pẹ̀lú orúkọ àti páswọ́ọ̀dù dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu géètì. Wọ́n wá a, wọn kò rí i. Orúkọ akọ̀wé wa kò sí níbẹ̀, orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó kàn sí àwọn tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní olú iléeṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé òun ni òun jí ẹ̀rọ 19 lóru ọjọ́ náà láti fi àtúnṣe sí wọn, òun sì ti pa wọ́n padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó máa sọ.

Wọ́n ti dá akọ̀wé wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí a ń kọ ìwé yìí, wọn kò tíì san owó ọ̀sẹ̀ méjì náà fún un, kúẹ́rì náà sì ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ iwájú nígbà tí ìgbéga bá fẹ́ dé, kúẹ́rì ni yóò rí, kò ní rí àlàyé. Ibẹ̀ ni ìjà wa kù sí.

Àwọn kan lè sọ pé à ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá. Kí wọ́n wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1999 àti 2015, àwọn tí ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké níbẹ̀, àwọn tí ó ju 900 lọ, ni wọ́n dá lẹ́bi olè àti èrú nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Horizon sọ. Iléeṣẹ́ Fujitsu ni ó ni ètò náà. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn kan kú kí orúkọ wọn tó mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fi sọ pé kò sí ẹni tí ó lè ti òkèèrè fi ọwọ́ kan ìṣirò owó wọn. Àwọn 555, tí Alan Bates ṣáájú wọn, kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ní oṣù kejìlá 2019, adájọ́ Fraser sọ pé àbùkù wà nínú ètò náà, àti pé òṣìṣẹ́ Fujitsu lè ti òkèèrè wọ inú ìṣirò owó wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ní oṣù karùn-ún 2024 ni ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó pa ìdálẹ́bi wọn rẹ́. Wọ́n jìyà fún ogún ọdún nítorí pé kò sí ẹni tí ó béèrè ní àkọ́kọ́ pé, “Ta tún ni ó lè dé inú ẹ̀rọ yìí?”

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 84, sọ pé kí ilé ẹjọ́ tó gba ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní àkókò náà. Bí adájọ́ tí ó wọ ẹ̀wù dúdú bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ kí ó tó gba bébà kan ṣoṣo, kí ni ó dé tí ọ́fíìsì máníjà kò fi ní béèrè kí ó tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ènìyàn? Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹni kan náà bá sì jẹ́ ẹ̀rọ, tí kò lè sọ ẹni tí ó ta á jí, ìkà náà pọ̀ jù.

Nínú ìpàdé wa tí ó kọjá, àwọn arákùnrin kan dìde pé kí ẹgbẹ́ sọ fún wọn kí wọ́n yọ ìlànà jíjí-lóru yìí kúrò pátápátá. A gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn. Ìlànà náà wúlò. Bí kò bá sí i, wọn yóò fi gbogbo kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní títàn láti alẹ́ di òwúrọ̀, wọn yóò máa jó dísù lé e lórí. Nígbà tí ọdún bá sì parí, wọn yóò ní owó dísù ni kò jẹ́ kí àwọn lè fi kún owó wa. Òótọ́ ni pé ẹni tí wọ́n ń pè wá lóru tẹ́lẹ̀ láti wá tan ẹ̀rọ pàdánù owó ofataìmù díẹ̀. A kò gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nínú wa tí ó fẹ́ rin ojú títì ní agogo 1 òru nítorí súwìṣì.

Bákan náà, a kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ẹni tí ó ń jí ẹ̀rọ ni ó jẹ́ ẹni rere. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020 ni ìròyìn jáde pé àwọn ọ̀daràn tí ń lo ètò burúkú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ryuk ń fi ìpè yìí kan náà jí àwọn kọ̀ǹpútà tí a ti pa, kí wọ́n lè ti fáìlì inú wọn pa, kí wọ́n sì gba owó ìtúsílẹ̀. Iléeṣẹ́ tí kò bá mọ ẹni tí ó ń jí ẹ̀rọ rẹ̀ lóru kò dáàbò bo òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì dáàbò bo ara rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè yìí dára fún ọ̀gá àti fún òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má rò pé ẹ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ atọpinpin tí wọ́n so mọ́ bátìrì ọkọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ó ṣì lè máa gbọ́, ó ṣì lè máa ròyìn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí a lè ti ọ́fíìsì ránṣẹ́ sí kí ọkọ̀ má lè tàn mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ìwé wá pé ọkọ̀ yín ṣe báyìí ní agogo báyìí, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ béèrè: ta tún ni ó lè dé inú ẹ̀rọ yìí, níbo sì ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí?

Ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa yóò gbé lọ síwájú àwọn alákòóso nìyí.

Ìkíní, kí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ méjì náà fún akọ̀wé wa, kí wọ́n sì yọ kúẹ́rì náà kúrò nínú fáìlì rẹ̀.

Ìkejì, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó ní àṣẹ láti ti òkèèrè jí ẹ̀rọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọjọ́, wákàtí àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá jí i.

Ìkẹta, kí wọ́n máa sọ fún àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ṣáájú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ọlọ́dẹ, kí ẹ̀rọ tí ó bá tàn má dẹ́rù ba ènìyàn.

Ìkẹrin, kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní kúẹ́rì nítorí pé ẹ̀rọ tàn nìkan. Kí aṣojú òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́.

Àwa náà ní ojúṣe tiwa. Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní páswọ́ọ̀dù yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá kúrò nídìí ẹ̀rọ, ẹ jáde kúrò nínú orúkọ yín. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí ó tàn lóru tí ẹ kò mọ ẹni tí ó tàn án, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe ọlọ́dẹ, kí ẹ̀yin méjèèjì kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ká ní akọ̀wé wa ní ìlà kan ṣoṣo báyẹn nínú ìwé ni, ọ̀sẹ̀ méjì ìyà yẹn kì bá tí jẹ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí wọ́n ṣe ń jí kọ̀ǹpútà lóru ni wọ́n ti ń jí àwa náà. Fóònù inú àpò wa ti di káàdì tí kì í sùn. Súpáfáìsọ̀ yóò pè ní agogo 11 alẹ́, yóò ní kí o wá ní ìdájí, yóò ní iṣẹ́ kékeré kan ni. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 13, sọ pé wákàtí tí ó bá kọjá èyí tí a jọ fẹnu kò sí, ofataìmù ni. Kọ̀ǹpútà kò ní aya, kò ní ọkọ, kò ní ọmọ tí yóò wẹ̀ lọ sílé ìwé, ẹ̀yìn kì í sì í dùn ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí wa bí ó ṣe ń jí ẹ̀rọ, kí ó mọ̀ pé àwa yóò béèrè orúkọ ẹni tí ó pè, a ó béèrè wákàtí tí ó pè, a ó sì béèrè owó rẹ̀.

A ó jíròrò lórí gbogbo èyí ní ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀. Ẹ wá, ẹ má rán ẹnìkejì. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Nígbà tí wọ́n dá akọ̀wé wa dúró, òun nìkan ni ó jókòó sílé. Nígbà tí ẹgbẹ́ dìde, ọ̀sẹ̀ méjì kò kọjá tí òtítọ́ fi jáde.

Ìṣọ̀kan wa ni agbára wa.